Iṣẹ́ tí ẹ̀rù ekurá ń ṣe nínú òkun

Ìbéèrè kan wà tí àwọn èèyàn kì í yéé bi àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ ẹ̀dá inú òkun: kí ni ẹja ekurá wà fún gan-an? Ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ wọn ni pé ẹja tó ń bu èèyàn jẹ ni, bó bá sì pa rẹ́ ráúráú, ara á tu apẹja àti ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́. Mo fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀, torí pé àbùmọ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń gbọ́ nípa ẹja yìí, títí kan díẹ̀ lára ohun tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ jíjẹ èèyàn kúrò lọ́nà. Oríṣi ekurá tó wà láyé lé ní 500. Àwọn kan wà tí kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Èyí tó tóbi jù, whale shark, lè gùn tó mítà 18, síbẹ̀ àwọn ẹ̀dá tíntìntín tó ń léfòó nínú omi ló ń sẹ́ jẹ. Àwọn oríṣi tó ti pa èèyàn rí kò pọ̀ rárá, àwọn tó sì ń kú lọ́wọ́ ekurá káàkiri ayé lọ́dún kan kì í sábà ju mẹ́wàá lọ. Àwa èèyàn ńkọ́? Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ gbé jáde lọ́dún 2013 fi hàn pé ekurá tí à ń pa lọ́dún kan tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 100.

Àlàyé tí wọ́n sábà máa ń ṣe nípa iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń jẹ ẹja aláìsàn àti òkú ẹran, kì í sì í jẹ́ kí ẹja yòókù pọ̀ jù. Òótọ́ ni. Bí àbùùbùtán bá kú sójú agbami, ekurá wà lára àwọn tó máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, iṣẹ́ tó ga jù tí ekurá ńlá ń ṣe kì í ṣe èyí tó ń fi eyín ṣe. Ẹ̀rù rẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹran tí ekurá kò tíì fọwọ́ kàn, tó kàn mọ̀ pé ó lè jẹ òun, á yí ibi tó ti ń jẹun padà, á yí àsìkò àti ọ̀nà tó ń gbà jẹun padà. Ohun tí ẹran náà ì bá ti jẹ tán á wá ráyè dàgbà.

Ibi tí wọ́n ti wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní jù ni Shark Bay, ní ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà. Láti ọdún 1997 ni Mike Heithaus, onímọ̀ nípa ẹ̀dá inú òkun, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣèwádìí níbẹ̀. Pápá koríko tó wà lábẹ́ omi náà wà lára àwọn tó fẹ̀ jù láyé. Ìjàpá òkun ń jẹ ẹ́, dugong náà ń jẹ ẹ́, ìyẹn ẹran omi ńlá kan tó ń fún ọmọ lọ́mú. Ekurá tí wọ́n ń pè ní tiger shark ló sì ń dọdẹ àwọn méjèèjì.

Ọ̀nà méjì ni dugong ń gbà jẹun. Ó lè máa já ewé lókè lásán, kó máa wo ọ̀tún wo òsì. Ó sì lè ki ẹnu bọ inú iyanrìn, kó hú koríko náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, torí pé ara gbòǹgbò ni oúnjẹ tó lérè jù wà. Bó bá ń hú u báyìí, erùpẹ̀ á ru sókè, omi á dàrú, kò sì ní rí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí omi bá tutù tí tiger shark kò pọ̀ nítòsí, dugong á máa hú koríko bó ṣe wù ú. Tí omi bá wá móoru, tí ekurá dé, á pa híhú tì, á gba kámú pẹ̀lú ewé. Ọ̀rọ̀ ìjàpá òkun tún ya èèyàn lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tára rẹ̀ dá ṣáṣá máa ń jẹun létí pápá, níbi tó ti lè tètè sá bọ́ sínú omi jíjìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé koríko ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dáa. Èyí tó ti rù, tébi ń pa, ló ń wọ àárín gbùngbùn pápá lọ, níbi tí oúnjẹ ti pọ̀ àmọ́ tí ekurá ti lè ká a mọ́.

Lọ́dún 2011, ooru tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n mú omi Shark Bay fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, koríko gíga kan tó ń jẹ́ Amphibolis sì kú lọ rẹpẹtẹ. Àwọn onímọ̀ wá fẹ́ mọ̀ bóyá pápá náà ì bá lè gbérí ká ní kò sí ekurá níbẹ̀, tí dugong sì ń hú koríko láìbẹ̀rù. Wọ́n ní kí àwọn òmùwẹ̀ lọ sísàlẹ̀, kí wọ́n máa fọwọ́ hú koríko bí dugong ṣe ń hú u. Níbi tí wọ́n ti hú u bẹ́ẹ̀, Amphibolis tó ṣẹ́ kù tún ń dín kù sí i, koríko kúkúrú ti ilẹ̀ olóoru sì ń gba àyè rẹ̀. Èyí ni mo fi gbà pé ekurá kò lè dá ooru dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fún pápá náà láyè láti kọ́fẹ padà. Ẹ má sì fojú kéré koríko yìí. Abẹ́ rẹ̀ lọmọ ẹja ń sá pa mọ́ sí, gbòǹgbò rẹ̀ ló ń di iyanrìn mú, inú erùpẹ̀ rẹ̀ sì ni káábọ́nì ti ń rọ̀ jọ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún wá.

Ní False Bay, lẹ́bàá Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ekurá lọ lóòótọ́. Erékùṣù kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Seal Island, tí síìlì, ẹran omi kan tó ń jẹ ẹja, kún bo. Ekurá funfun ńlá, great white, ló máa ń ká wọn mọ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 2015, iye ekurá náà já wálẹ̀, nígbà tó sì fi máa di nǹkan bí ọdún 2018, wọn ò rí wọn níbẹ̀ mọ́. Àwọn kan ní orca, ẹran òkun ńlá kan tó ń pa wọ́n tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ wọn, ló lé wọn lọ, àwọn kan ní àwọ̀n àti ìwọ̀ àwa èèyàn ló fà á. Bí ológbò bá kúrò nílé, ilé a di ilé èkúté. Síìlì pọ̀ sí i lójú omi. Ekurá mìíràn tó ń jẹ́ sevengill, tí wọn kì í rí ní Seal Island tẹ́lẹ̀ torí pé ekurá funfun ń jẹ òun náà, wá sọ ibẹ̀ dilé. Kámẹ́rà tí wọ́n so ìjẹ mọ́, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ omi, fi hàn pé ẹja tí síìlì ń jẹ ti dín kù, àwọn ekurá kéékèèké tí sevengill ń jẹ náà sì ti dín kù. Ọdún 2025 ni àbọ̀ ìwádìí yìí jáde, ó sì kó ohun tí wọ́n rí láàárín ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀. Apẹja tó bá gbà pé pípa ekurá á jẹ́ kí ẹja tòun pọ̀ sí i, kó wo False Bay.

Síbẹ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ gba gbogbo ìtàn tó bá jọ èyí gbọ́. Lọ́dún 2007, ìwádìí kan láti etíkun ìlà oòrùn Amẹ́ríkà sọ pé nítorí pé ekurá ńlá ti dín kù, ẹja pẹlẹbẹ kan tó ń jẹ́ cownose ray ti pọ̀ jù, òun ló sì jẹ àwọn ẹ̀dá oníkarawun tí wọ́n ń pè ní scallop tán ní North Carolina. Ìtàn náà dùn ún gbọ́, àwọn èèyàn sì ti ń polongo pé kí wọ́n máa pa ray náà jẹ. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ mìíràn tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé àsìkò tí nǹkan wọ̀nyí ṣẹlẹ̀ kò bára mu, pé scallop kì í ṣe oúnjẹ tí ray náà gbára lé, àti pé ọmọ kan ṣoṣo ló sábà ń bí lọ́dún, kò sì lè pọ̀ kíá bí wọ́n ṣe ń rò. Ẹ̀dá tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni wọ́n ń fìyà jẹ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni pé bí ekurá bá kú tán, òkun á kú. Ipa rẹ̀ ní ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, ó sì sinmi lórí irú ekurá tó jẹ́ àti bóyá ẹran mìíràn wà níbẹ̀ tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ekurá tún ń ṣe ajílẹ̀. Ní Palmyra, erékùṣù kan láàárín òkun Pàsífíìkì, grey reef shark máa ń lọ jẹun nínú agbami, á sì padà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta iyùn. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rẹ̀ ń kó náítírójìn wá fún àwọn ohun tó ń hù níbẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni bó ṣe máa ń pẹ́ kí ekurá tó lè padà bọ̀ sípò. Ẹja bíi kọ́ọ̀dù ń yé ẹyin ní mílíọ̀nù. Ekurá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abo great white lè lo nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kó tó lè bímọ. Spiny dogfish, ekurá kékeré tí wọ́n ń jẹ lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè, lè gbé oyún tó nǹkan bí ọdún méjì. Ti omi tútù Àríwá tí wọ́n ń pè ní Greenland shark lè lo ọdún 272 láyé, ó kéré tán. Ẹ wá fi èyí wé ohun tí ìwádìí kan sọ lọ́dún 2021, pé láti ọdún 1970, iye ekurá àti ray inú agbami ti fi ìpín 71 nínú 100 dín kù. Lára 371 àpáta iyùn tí wọ́n fi kámẹ́rà wò ní orílẹ̀-èdè 58, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyọ kan nínú márùn-ún tí wọn ò ti rí ekurá kankan.

Òfin tó de gígé lẹbẹ ekurá ti pọ̀, mo sì fara mọ́ ọn, àmọ́ kò tó. Ìṣirò mìíràn, tó jáde lẹ́yìn ti ọdún 2013 tí mo mẹ́nu bà lókè, sọ pé láàárín ọdún 2012 sí 2019, tí òfin náà ń gbilẹ̀, iye ekurá tí wọ́n ń pa lọ́dún tún lọ sókè láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 76 sí mílíọ̀nù 80, torí pé dípò kí wọ́n gé lẹbẹ kí wọ́n ju ìyókù sómi, odindi ẹja ni wọ́n ń kó wálé. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n má pa á rárá láwọn ibì kan, bí orílẹ̀-èdè Palau ní òkun Pàsífíìkì ṣe ṣe lọ́dún 2009, kí wọ́n sì fi ààlà sí iye tí wọ́n lè pa níbòmíràn.

Ẹni tí kò gbé etí òkun náà ní ipa tirẹ̀. Òróró kan tó ń jẹ́ squalene, tó wà nínú ìpara mìíràn, inú ẹ̀dọ̀ ekurá ni wọ́n ti ń fà á jáde; wọ́n ń rí i lára ólífì àti ìrèké pẹ̀lú, torí náà ẹ wo ara agolo kẹ́ ẹ tó rà á. Ẹran ekurá máa ń ní mẹ́kúrì púpọ̀, kò yẹ fún aboyún àti ọmọdé. Bí ekurá bá ṣèèṣì kọ́ ìwọ̀ yín, ẹ má wọ́ ọ gòkè. Ẹ jẹ́ kó wà nínú omi, kẹ́ ẹ gé okùn náà níbi tó sún mọ́ ìwọ̀ jù, kó máa lọ. Ẹ̀yin tó sì ń na okùn gígùn oníwọ̀ púpọ̀ nítorí ẹja tuna, ẹ lo okùn ọ̀rá dípò wáyà níbi tí ìwọ̀ so mọ́ okùn, torí pé ekurá lè fi eyín gé okùn ọ̀rá, kó bá tirẹ̀ lọ.