Ta ló máa fún un ní ipa? Ohun tí iṣẹ́ Abdias do Nascimento fi kọ́ mi

Bí òbí bá mú ọmọ wá sọ́dọ̀ mi pé kó wá kọ́ṣẹ́ tíátà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, "Ọ̀gá, ẹ wò ó dáadáa, ṣé ẹ̀bùn yìí wà lára rẹ̀?" Mo máa ń dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń darí eré, ẹ̀bùn kọ́ ni mo rí tó ń wọ́n. Àwọn ọmọ tó lẹ́bùn pọ̀ nílé, wọ́n gbé fóònù lé itan, wọ́n ń retí kí olùdarí kan pè wọ́n. Ohun tó wọ́n ni ipa: ẹ̀dá inú eré tí òṣèré yóò wọ̀ bí ẹ̀wù, tí yóò sì rí ibi tí yóò gbé e lò. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí òbí bi mí ni pé, "Ta ló máa fún ọmọ yìí ní ipa?"

Ẹni tí mo fi ń dáhùn ìbéèrè yìí ni Abdias do Nascimento, adúláwọ̀ ọmọ Bràsíl, òṣèré, olùdarí, òǹkọ̀wé eré. Wọ́n bí i ní ìlú Franca ní ìpínlẹ̀ São Paulo ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 1914. Bàbá rẹ̀ ń ran bàtà, ìyá rẹ̀ ń ṣe àdídùn tà. Ọdún 1888 ni wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní Bràsíl, nítorí náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n tú ẹrú sílẹ̀ kí wọ́n tó bí i.

Lọ́dún 1941, òun àti àwọn akéwì ẹgbẹ́ rẹ̀ rìnrìn àjò dé Lima, ní orílẹ̀-èdè Perú. Wọ́n wọ tíátà lọ wo The Emperor Jones, eré tí Eugene O'Neill ti Amẹ́ríkà kọ. Adúláwọ̀ kan ni eré náà dá lé: ó sọ ara rẹ̀ di ọba ní erékùṣù kan, nígbà tí àwọn ará ìlú sì dìde sí i, ó sá wọgbó lóru, ẹ̀rù ń lé e kiri. Òyìnbó Ajẹntínà kan ni wọ́n fún ní ipa ọba náà. Wọ́n kun ojú rẹ̀ ní dúdú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú oníṣẹ́ ń rí nínú irú nǹkan báyìí, yàtọ̀ sí ìwọ̀sí tó wà níbẹ̀. Ojú ni ìjayà ti kọ́kọ́ ń hàn lára òṣèré. Iwájú orí á ṣẹ́ po, ètè á gbẹ, òógùn á yọ lẹ́bàá imú. Bí ọ̀dà bá ti nípọn lójú, gbogbo èyí ti wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, òǹwòran kò ní rí i. Bí òógùn bá wá pọ̀, á máa wọ́ ọ̀dà náà wálẹ̀, ojú á di ilà-ilà. Kí ni òṣèré á wá ṣe? Á máa ju apá, á máa lọ ohùn, kó lè fi dí àlàfo ohun tí ojú kò lè sọ mọ́. Bí wọ́n ṣe sọ adúláwọ̀ di ẹlẹ́yà lórí ìtàgé nìyẹn, títí àwọn òǹwòran fi gbà pé bí a ṣe rí gan-an nìyẹn.

Nascimento bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí wọn kò fi wá adúláwọ̀ kan sí ipa náà. Lẹ́yìn náà ló rántí ilé. Ní Bràsíl tí adúláwọ̀ kún dẹ́nu, bákan náà ló rí: bí ipa dúdú bá tóbi, òyìnbó tí wọ́n kùn lójú ló ń kó o, ìránṣẹ́ àti ẹni tí wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi sílẹ̀ fún dúdú fúnra rẹ̀.

Kí ó tó rí ṣe nǹkan kan sí i, ẹ̀wọ̀n ló kọ́kọ́ wọ̀. Ìjà kan tó bẹ́ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n fi àwọ̀ rẹ̀ ṣe ẹ̀tanú sí i, nígbà tó ṣì wà nínú iṣẹ́ ológun, ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a lẹ́jọ́, wọ́n sì fi í sí ọgbà Carandiru ní São Paulo. Níbẹ̀, lọ́dún 1943, ó kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n jọ, wọ́n dá Teatro do Sentenciado sílẹ̀, ìyẹn tíátà àwọn tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló ń kọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Bí ọmọ kan bá sọ fún mi pé òun kò lè bẹ̀rẹ̀ nítorí pé kò sí gbọ̀ngàn, kò sí iná, kò sí owó aṣọ, ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn ni mo máa ń tọ́ka sí.

Lọ́dún 1944 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Teatro Experimental do Negro sílẹ̀ ní Rio de Janeiro, ìyẹn tíátà ìdánwò àwọn adúláwọ̀. Ẹ wo àwọn tó wá: ọmọ ọ̀dọ̀ inú ilé òyìnbó, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, àwọn ará àdúgbò orí òkè, òṣìṣẹ́ ìjọba kéékèèké. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kà. Nítorí náà, kíláàsì ìwé kíkà ní alẹ́ ni ẹgbẹ́ tíátà yìí kọ́kọ́ ṣí. Nascimento fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn tó forúkọ sílẹ̀ tó bí 600.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ máa ń ka kíláàsì yìí sí iṣẹ́ àánú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí tí n kò sì fi gbà ni pé mo ti wà nídìí rẹ̀ rí. Obìnrin oníṣòwò kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí kò mọ̀wé, tí ohùn rẹ̀ sì lè gba gbọ̀ngàn láìsí ẹ̀rọ. Èmi ni mo ń ka ọ̀rọ̀ fún un, gbólóhùn kan, ìṣísẹ̀ kan, títí ó fi há a sórí. Kò gbàgbé ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a ṣe eré náà, mo jókòó lẹ́yìn, ohùn ara mi ni mo ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀: ibi tí mo ti mí ló ti ń mí, ibi tí mo tẹ̀ ló ń tẹ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu olùdarí yóò gba èémí olùdarí mọ́ ọn. Lẹ́yìn tó kọ́ ìwé kíkà, tó ń dá jókòó ti ìwé eré rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jiyàn pé, "Ọ̀gá, obìnrin yìí kò lè pariwo níbí o, ó ti rẹ̀ ẹ́." Òótọ́ ló sọ. Ọjọ́ yẹn ló di òṣèré. Ohun tí mo gbà pé Nascimento ń ṣe ní alẹ́ wọ̀nyẹn ní Rio nìyẹn.

Ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ọdún 1945, ọjọ́ gan-an tí ogun parí ní Yúróòpù, ẹgbẹ́ náà gun orí ìtàgé Theatro Municipal, gbọ̀ngàn tó níyì jù ní Rio. Eré wo ni wọ́n ṣe? The Emperor Jones ni, eré tó rí ní Lima. Wọ́n ti kọ̀wé sí O'Neill, ó fún wọn láṣẹ láìgba owó. Aguinaldo Camargo ló kó ipa ọba náà, pẹ̀lú ojú tí Ọlọ́run fún un. Inú ẹgbẹ́ yìí náà ni Ruth de Souza ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó wá di ọ̀kan nínú àgbà òṣèrébìnrin Bràsíl.

Nascimento náà ń ṣeré. Lọ́dún 1946 ó kó ipa Othello nínú eré Shakespeare, Cacilda Becker sì ṣe Desdemona, ìyàwó Othello. Lọ́dún 1956 ó ṣe Aristeu nínú Orfeu da Conceição tí Vinicius de Moraes kọ. Ṣùgbọ́n ẹ ka orúkọ àwọn òǹkọ̀wé náà: O'Neill, Shakespeare, Moraes. Òyìnbó ni gbogbo wọn. Òṣèré ti rí ìtàgé, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ó ti rí èyí ṣáájú ìgbà Orfeu, ìdí nìyí tó fi jókòó kọ Sortilégio, eré tirẹ̀, lọ́dún 1951. Àwọn tó ń yẹ eré wò fún ìjọba fòfin dè é; ọdún 1957 ni wọ́n tó rí i ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló sì kó ipa Emanuel.

Lọ́yà ni Emanuel, adúláwọ̀ ni. Ó ti fi Ifigênia sílẹ̀, obìnrin dúdú tó fẹ́ràn, ó fẹ́ Margarida, obìnrin òyìnbó. Ó ti kẹ̀yìn sí òrìṣà àwọn baba rẹ̀. Nígbà tí a bá máa rí i, ó ti pa ìyàwó rẹ̀, ọlọ́pàá ń wá a, ó sá gun orí òkè kan lóru, ó sì já sí ojúbọ Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà àwọn adúláwọ̀ Bràsíl. Àwọn ìyàwó òrìṣà ti gbé ẹbọ Èṣù kalẹ̀. Padê ni wọ́n ń pe ẹbọ yìí ní Bràsíl; ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ìpàdé wa ni. Èṣù tó wà níbẹ̀ kì í ṣe Sátánì tí a kà nínú Bíbélì Yorùbá. Olóríta ni, ẹni tí a kò lè fò dá kí ọ̀nà tó là.

Ibi tí eré yìí ti dára jù lójú mi ni aṣọ. Bí òru ṣe ń jinlẹ̀, Emanuel ń bọ́ aṣọ lọ́yà sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ó ṣe ń bọ́ ọ ni ó ń sọ ìrántí rẹ̀. Òǹwòran lè rò pé ìyẹn rọrùn. Bọ́tìnnì kan péré tó bá há lè ba ìran náà jẹ́. Bí a ṣe ń dánrawò ijó ni a fi ń dánrawò ìbọ́ṣọ: ọwọ́ wo ló máa tú táì, lórí ọ̀rọ̀ wo, bàtà wo ni ẹsẹ̀ lè yọ kúrò nínú rẹ̀ láìbẹ̀rẹ̀, torí bí òṣèré bá bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn kò ní gbọ́. Òṣèré tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìtàgé nìkan ló lè kọ irú ìran bẹ́ẹ̀. Níkẹyìn, Emanuel gba ikú ní ojúbọ náà tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni tó padà délé.

Eré náà ní àbùkù. Àwọn obìnrin méjèèjì kò tó ènìyàn lójú mi. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹ̀yà wọn ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwọn fúnra wọn. Ẹ kà á, kí ẹ sì rí i bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1968 ó lọ sí Amẹ́ríkà. Ìjọba ológun Bràsíl wá le koko sí i ní ìparí ọdún náà, ó sì di pé kò lè padà. Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì wá rí i pé àwòrán òrìṣà tí òun ń kùn lè bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ New York ní Buffalo. Lọ́dún 1976 sí 1977, ó wá kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ọkùnrin tó ti kọ eré ojúbọ Èṣù ní Rio wá ń rìn ní Ilé-Ifẹ̀! Ìgbà náà ni FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀ àgbáyé, wáyé ní Èkó. Wọn kò gba ìwé tó kọ nípa ẹ̀tanú àwọ̀ ní Bràsíl, torí ìjọba Bràsíl kò fẹ́ kí ayé gbọ́ ọ. Ó sọ ohun tó fẹ́ sọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún Sortilégio kọ, ó mú Zumbi wọ inú rẹ̀, olórí àwọn ẹrú tó dá ìlú Palmares dúró, tí wọ́n pa ní 1695. Àtúnkọ náà jáde ní 1979.

Ó padà sílé, ó di ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti 1983 sí 1987, lẹ́yìn náà ó di sẹ́nétọ̀. Bó bá dìde láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀, a máa pe Ọlọ́run ní Olorum kó tó bẹ̀rẹ̀, a sì máa fi Axé, àṣẹ wa, parí rẹ̀. Ó kú ní Rio ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 2011.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ń mú ọmọ bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jẹ́ kó mú ìwé àti bírò dání. Kó kọ ìran kan: ènìyàn méjì, yàrá kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kó jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àgbàlá yín, ní èdè tí ẹ ń sọ nílé. Kó fi ipa kan sínú rẹ̀ tí òun fẹ́ kó, tí kò sí olùdarí kankan tó máa rántí láti fún un. Èyí ni a ó kọ́kọ́ kà pọ̀.