Àgbẹ̀ Naogaon, Òfin Amẹ́ríkà: Bí Rírẹ́ àti Títẹ̀ Igbó Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Bí ẹ bá rí igbó, èyí tí wọ́n ń mu tí òyìnbó ń pè ní marijuana, tí ẹnìkan gbìn sẹ́yìnkùlé ní Kánádà tàbí ní Kalifọ́níà, ó lè má jọ èyí tí ẹ mọ̀ rárá. Kì í fi bẹ́ẹ̀ ga. Wọ́n ti rẹ́ orí rẹ̀, wọ́n ti fi okùn fa ẹ̀ka rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, wọ́n sì ti ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí òdòdó má bàa wó o lulẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é gbà pé àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ló hùmọ̀ gbogbo rẹ̀ láyé àwọn ọdún 1970. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ ló ni ọgbọ́n yìí, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Òfin tó ń ka igbó ní oókan-oókan ni Amẹ́ríkà mú wá, òfin náà ló sì fún iṣẹ́ yìí ní ìrísí tó ní lónìí.

Naogaon ni mo fẹ́ kí á ti bẹ̀rẹ̀, ní Bẹ́ńgálì, lápá ibi tó di Bangladesh. Ní 1893, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Íńdíà gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wádìí ọ̀rọ̀ igbó. Ìwádìí náà parí ní 1894, ìwé tí wọ́n kó jọ sì di ìdìpọ̀ méje. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé àwọn àgbẹ̀ Naogaon kì í fún irúgbìn dànù sílẹ̀ lásán. Wọ́n á kọ́kọ́ tọ́ ọ dàgbà níbì kan, wọ́n á wá hú u lọ tún gbìn sórí ebè, pẹ̀lú àyè láàárín ọ̀kan àti èkejì. Nígbà tó bá ti dúró dáadáa, wọ́n á rẹ́ àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kúrò, kí agbára rẹ̀ lè gba òkè lọ, níbi tí òdòdó máa wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á ránṣẹ́ pe poddar, ẹni tó mọ akọ igbó yàtọ̀ sí abo.

Iṣẹ́ poddar yìí wú mi lórí púpọ̀. Igbó ní akọ, ó ní abo. Bí akọ bá fi lè tanná, tí afẹ́fẹ́ gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ dé ara abo, abo á so kóró, ọjà á sì bàjẹ́. Poddar á máa rìn láti ebè dé ebè, á tẹjú mọ́ oríkèé igi kọ̀ọ̀kan, á sì fi akọ han àwọn tó ń hú u dànù. Owó ni wọ́n ń san fún un. Oko ni wọ́n ti kọ́ irú ojú bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí pé ẹni tó ń gbin igbó aláìníkóró lónìí kì í sábà dárúkọ wọn. Ìjọba Bangladesh fòfin de gbígbìn rẹ̀ ní 1987, Naogaon sì pa iṣẹ́ náà tì.

Ní Yúróòpù, nǹkan mìíràn ni wọ́n ń wá lára ọ̀gbìn kan náà: fọ́nrán tí wọ́n fi ń ṣe okùn àti ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n á gbìn ín kí ó há mọ́ra pinpin, kí ó lè ta sókè láìya ẹ̀ka. Àyè tí àgbẹ̀ bá fún un ló ń pinnu bó ṣe máa rí.

Kí ló dé tí rírẹ́ orí fi ń mú ẹ̀ka pọ̀? Ìyá tó ń ṣe oko ewédú mọ̀ pé bí òun bá ti já orí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ á rú. Àwọn onímọ̀ ló pẹ́ kí wọ́n tó rídìí rẹ̀. Ní 1880, Charles Darwin àti ọmọ rẹ̀ Francis fi hàn pé bí a bá bo ṣóńṣó orí koríko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, kò ní tẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ mọ́. Ní 1928, Frits Went, onímọ̀ kan ní Utrecht ní Netherlands, jábọ̀ pé òun ti rí èròjà tó ń ti orí náà wá gbà jáde. Auxin ni wọ́n ń pè é. Ní 1933, Kenneth Thimann àti Folke Skoog gé orí ẹ̀wà, èéhù ẹ̀gbẹ́ jí; wọ́n wá fi auxin sí ojú ibi tí wọ́n gé, èéhù náà ò sì lè dàgbà. Láti 2008 a ti mọ̀ pé èròjà mìíràn tí wọ́n ń pè ní strigolactone náà wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Èròjà yìí kan náà ló ń jí irúgbìn Striga nínú ilẹ̀, èpò burúkú tó ń fa ẹ̀jẹ̀ àgbàdo àti ọkà bàbà, tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Ìbàdàn, ti ń bá jà tipẹ́.

Títẹ̀ kò nílò ọ̀bẹ. Bí a bá fa orí wálẹ̀ tí kò ga ju ìyókù lọ mọ́, àwọn ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ á dìde. Jean-Baptiste de La Quintinie lo ọgbọ́n tó jọ ọ́ nínú ọgbà tó dá sílẹ̀ fún Louis XIV, ọba Faransé, ní Versailles láàárín 1678 sí 1683: ó na ẹ̀ka igi píà mọ́ ara ògiri.

Láàárín àwọn ọdún 1970 ni ọ̀rọ̀ wá kan Amẹ́ríkà. Ìjọba Mẹ́síkò, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Amẹ́ríkà, ń fi ọkọ̀ òfuurufú fọ́n oògùn apakoríko paraquat sórí oko igbó. Ẹ̀rù ba àwọn tó ń mu ún, púpọ̀ nínú wọn sì yíjú sí èyí tí wọ́n gbìn nílé. Àríwá Kalifọ́níà, ní Humboldt, Mendocino àti Trinity, di ojúkò iṣẹ́ náà. Ní 1983, ìjọba dá àjọ kan tí wọ́n ń pè ní CAMP sílẹ̀, wọ́n ń fi hẹlikọ́pítà wá oko kiri. Igbó tó ga ju ènìyàn lọ kò ṣeé fi pamọ́ fún ẹni tó wà lókè. Àwọn kan tẹ tiwọn wálẹ̀ sábẹ́ igi ńlá, àwọn mìíràn kó tiwọn wọ yàrá.

Nínú yàrá, gílóòbù ni oòrùn. Bí ewé bá jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tó máa bá a á dín sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ohun tó bá ga á jóná, ohun tó bá kúrú ò ní rí ìmọ́lẹ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta àwọ̀n sókè igbó, tí wọ́n ń fi ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bọ ojú àwọ̀n títí gbogbo rẹ̀ á fi tẹ́jú.

Òfin tún wá lé e. Àwọn òfin tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní 1986 àti 1988 sọ ọ́ di pé ẹni tí wọ́n bá ká 100 igbó mọ́ lọ́wọ́ á ṣẹ̀wọ̀n ọdún 5, ó kéré tán. Ẹni tó bá ní 1,000, ọdún 10. Wọn ò béèrè bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó. Lójú òfin, èyí tó tóbi bí agboorun àti èyí tó tóbi bí ọwọ́ ìgbálẹ̀, ọ̀kan ni wọ́n jẹ́. Ta ni kò ní fẹ́ kí tirẹ̀ fẹ̀?

Nígbà tí òfin wá tú u sílẹ̀, kíkà náà ni wọ́n tún ń kà. Colorado fàyè gba 6 fún àgbàlagbà kan ní 2012, mẹ́ta péré ló sì lè máa tanná lẹ́ẹ̀kan náà. Uruguay gba 6 fún ilé kan ní 2013, Kánádà gba 4 ní 2018 ní ọ̀pọ̀ ẹkùn rẹ̀, Jámánì gba 3 fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ní Nàìjíríà, òfin 1966 ní ikú tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21 fún ẹni tó bá gbìn ín; wọ́n yọ ikú kúrò ní 1975, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo pàápàá ṣì lòdì sófin títí di òní.

Àwọn oko ńlá tó ní ìwé àṣẹ ní Kalifọ́níà kò sí lábẹ́ irú kíkà bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n ilẹ̀ tí ewé bò ni ìpínlẹ̀ náà fi ń fún wọn ní àṣẹ. Níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ti padà sí gbígbin kéékèèké tó pọ̀ tó sì súnmọ́ra. Àwọ̀n ṣì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọ̀n náà ò ju kí òdòdó má wó lọ.