Bí pátákó Tony Hawk: Ride ṣe ń mọ ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe

Tony Hawk: Ride, géèmù skateboard (pátákó oní-táyà tí wọ́n ń gùn kiri) tí ilé-iṣẹ́ Activision gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, kò bá páàdì wá. Pátákó ni wọ́n fi ń ta á, bí a ṣe ń ta ayò. Wọ́n á gbé e sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó fẹ́ ta géèmù á gun orí rẹ̀, á sì fẹ̀gbẹ́ dúró bí àwọn tó ń gun skateboard gidi ṣe ń dúró. Ojú lásán ló fi jọ skateboard o, kò ní táyà rárá. Ibi tí wọ́n gbé e sí náà ni yóò ti máa fì.

Accelerometer méjì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí nǹkan ṣe tẹ̀ tàbí bó ṣe mì, ló wà nínú rẹ̀. Nínú irú ẹ̀rọ tíntín bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n kékeré kan tí ojú lásán kò lè rí wà lórí ohun tó ń ṣiṣẹ́ bíi sípíríǹgì. Bí pátákó bá tẹ̀ sósì, òòfà ilẹ̀ á fa ìwọ̀n náà sọ́hùn-ún, iná inú ẹ̀rọ á yí padà díẹ̀, ìyẹn ló ń di nọ́ńbà tí géèmù ń kà. Ẹni inú tẹlifíṣọ̀n á yà sósì. Bí wọ́n bá ta imú pátákó sókè lójijì, á fò.

Accelerometer kò mọ̀ nípa ọwọ́, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi sẹ́ńsọ̀ infrared mẹ́rin sí i: imú, ìdí, àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò rí. Bí ọwọ́ bá dé tòsí, ìmọ́lẹ̀ náà á ta padà, géèmù á sì gbà pé wọ́n fọwọ́ di pátákó mú lójú òfuurufú. Bí ẹsẹ̀ bá gbá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eré ni wọ́n fẹ́ sá. Etí ṣòkòtò náà lè ta ìmọ́lẹ̀ padà. Ẹni tó bá wọ kẹ̀ǹbẹ̀ gun un, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é.

Ibi tó ti le nìyí. Bọ́tìnnì páàdì kì í ṣiyèméjì: wọ́n tẹ̀ ẹ́ tàbí wọn kò tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá gbé imú pátákó sókè, ó lè fẹ́ fò, ó lè jẹ́ pé manual ló fẹ́ ṣe, ìyẹn kí táyà ẹ̀yìn nìkan máa yí nílẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra. Bí imú ṣe yára gòkè sí àti bó ṣe pẹ́ lókè tó ni géèmù fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀, kò sì lè mọ bó ṣe pẹ́ tó láì dúró díẹ̀. Ẹni tó ń ta á lè ti gbé imú sílẹ̀ kí ẹni inú tẹlifíṣọ̀n tó gbéra. Ọ̀pọ̀ àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò nígbà yẹn bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ẹ̀tọ́ wọn sì ni: owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 120 dọ́là.

Robomodo, ilé-iṣẹ́ Chicago tó ṣe é, wá ọgbọ́n kan sí i. Ní ipele Casual, géèmù fúnra rẹ̀ ló ń darí ẹni náà. Kí ẹni tó ń ta á ṣáà dárà ló kù. Confident ń gba ìdarí lọ́wọ́ géèmù díẹ̀. Ní Hardcore, ara ẹni tó ń ta á ló ni gbogbo rẹ̀, bí ìdí rẹ̀ bá sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láì mọ̀, ó di inú ògiri.