Pípa Kọ́ Ni Pípa Rẹ́

"Ẹ̀ńjíníà, kò sí kọ́bọ̀ nínú káàdì yẹn mọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ gbà?"

Tí ẹ bá jókòó sí ọ́fíìsì mi ní Lágéré fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ óò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán, lẹ́nu ẹni tí owó kíláòdù ń lé kiri. Àgbà ń sọ ọ́, ọmọdé ń sọ ọ́, ẹni tó gba oyè lórí kọ̀ǹpútà náà ń sọ ọ́. Mo ti ṣàlàyé títí ó ti sú mi. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí n lè máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá tún pè.

Mi ò ní pẹ́ lórí ohun tí kíláòdù jẹ́: kọ̀ǹpútà àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, bíi Amazon àti Microsoft, tí à ń háyà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Kọ̀ǹpútà tí a háyà yẹn là ń pè ní sáfà. Ẹni tí fọ́tò rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Google ti wà nínú kíláòdù, kò kàn mọ̀ ni. Owó ni ká sọ.

Mítà àti káàdì ìpè ló bà wá jẹ́. A máa ń ra iná ká tó tàn án, a máa ń ra dátà ká tó lò ó. Tó bá tán, ó tán nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ní wá kan ilẹ̀kùn. Kíláòdù ò rí bẹ́ẹ̀. Àwìn ni. Ẹ óò lò ó fún oṣù kan, wọ́n á ṣírò, wọ́n á wá yọ owó wọn nínú káàdì. Tí káàdì bá ṣófo, gbèsè ló dà. Sáfà ò mọ̀ pé ọwọ́ yín ti gbẹ, iṣẹ́ ló ń ṣe lọ, wákàtí sì ń lọ. Wọ́n á kọ̀wé, wọ́n á tún kọ̀wé, lẹ́yìn náà wọ́n á ti àkáǹtì. Tí ẹ bá ṣì dákẹ́, wọ́n á pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo máa ń gbọ́ ni "Mo ti pa á." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, pípa kọ́ ni pípa rẹ́! Lọ́dọ̀ Amazon, tí ẹ bá pa sáfà, owó sáfà dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n díìsìkì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó gba àyè, àyè sì lówó. Lọ́dọ̀ Microsoft, tí ẹ bá pa Windows láti inú rẹ̀ bí ẹni ń pa láptọ́ọ̀pù, owó ò dúró rárá. Orí Azure, ìyẹn kíláòdù Microsoft fúnra rẹ̀, lẹ ti gbọ́dọ̀ dá a dúró, títí yóò fi kọ "deallocated" síbẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ ti yọwọ́ lórí ẹ̀rọ náà. Lọ́dọ̀ DigitalOcean, ẹ pa á o, ẹ ò pa á o, iye kan náà ni, àfi tí ẹ bá pa á rẹ́. Ilé mẹ́ta, àṣà mẹ́ta, àwọn èèyàn wa sì rò pé bí wọ́n ṣe ń pa tẹlifíṣọ̀n náà ni.

Ẹ jẹ́ ká fi Amazon ṣírò, ní iye tí wọ́n ń tà á ní Virginia, ní Amẹ́ríkà. Irú díìsìkì tí wọ́n ń pè ní gp3 jẹ́ $0.08 fún gigabaiti kan lóṣù. Ẹni tó bá fi 500 sílẹ̀, $40 nìyẹn. Nọ́ńbà àdírẹ́ẹ̀sì IPv4, tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tẹ́lẹ̀ tí ẹ bá ń lò ó, ti di $0.005 ní wákàtí kan láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2024. Ẹ fi 720 wákàtí ṣe é, $3.60. NAT gateway ńkọ́? Ẹnubodè ni, tí àwọn sáfà tó wà ní kọ̀rọ̀ ń gbà jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì. $0.045 ní wákàtí kan, ìyẹn $32.40 ní ọgbọ̀n ọjọ́, bí ẹnikẹ́ni ò bá tilẹ̀ gbà á kọjá. Tí wọ́n bá gbà á kọjá, $0.045 mìíràn tún ni lórí gigabaiti kọ̀ọ̀kan. Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: $76. Sáfà kankan ò sí lórí iná o. Kí ó tó di Okudù 2023, tí dọ́là wà ní bíi ₦460 ní báńkì, ìyẹn ò tó ₦35,000. Nígbà tí dọ́là fi dé ₦1,500 ní 2024, ó ti di ₦114,000. Lóṣooṣù. Nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni ò lò.

Lọ́dọ̀ Amazon yìí kan náà, dátà tó ń wọ sáfà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ò lówó, èyí tó ń jáde ló lówó. 100 gigabaiti àkọ́kọ́ lóṣù jẹ́ ọ̀fẹ́, lẹ́yìn ìyẹn $0.09 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan láti Virginia, $0.154 láti Cape Town. Kí àwọn tó ń pariwo pé Gúúsù Áfíríkà ló sún mọ́ wa jùlọ wo iye yẹn dáadáa kí wọ́n tó kó fídíò lọ síbẹ̀.

Kí ni kí ẹ wá mú? Tí ẹ bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tó ní ọ̀ọ́dúnrún ọmọ, tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, sáfà tó ní iye kan pàtó lóṣù ni kí ẹ gbà. $6 lóṣù lọ́dọ̀ DigitalOcean fún èyí tó ní gigabaiti kan fún mẹ́mórì, àti 1,000 gigabaiti fún ohun tó ń jáde. Ó tó yín. Ẹ ṣètò ìkìlọ̀ owó lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí àkáǹtì, ṣùgbọ́n ẹ má sùn lé e o. Ìkìlọ̀ ni, kì í ṣe búréèkì, ó sì lè fi wákàtí mélòó kan pẹ́.

Àwọn tó wo fídíò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n di ògbógi ló ń dà á rú. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún oníbúrẹ́dì kan ní Ìlódè pé Kubernetes, ètò tí wọ́n fi ń darí ọ̀pọ̀ sáfà pọ̀, ló yẹ ẹ́. Búrẹ́dì! Lọ́dọ̀ Amazon, owó alábòójútó Kubernetes nìkan jẹ́ $72 lóṣù, kí ẹ tó gbé sáfà kan ṣoṣo sí i. Ẹni gbé tírélà lọ ra àkàrà nìyẹn. Àwọn mìíràn wà lórí Telegram, àkáǹtì kíláòdù tó ní kírẹ́díìtì, ìyẹn owó ìlò tó ti wà nínú rẹ̀, ni wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú. Orúkọ ta ló wà lórí rẹ̀? Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tì í, ẹjọ́ ta lẹ fẹ́ rò? Mi ò bá irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ ṣe. Láti ìgbà tí mo ti ń tọ́jú sáfà, láti ayé tí a ṣì ń gbé e ti jẹnẹrétọ̀, oníbàárà mi kankan ò tíì san ju iye tí mo kọ sí bébà fún un lọ.

Mọ́mì tó ní ilé ẹ̀kọ́ lápá ọ̀nà Ẹdẹ ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ kíláòdù tí wọ́n lò, nítorí ẹ̀bi ò sí lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ìdánwò JAMB ń bọ̀, ọmọkùnrin tó ń bá wọn mójú tó kọ̀ǹpútà gbé sáfà ńlá dìde, kí àwọn ọmọ lè fi dánra wò. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Ó parí, ó pa á. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó já pa lọ sí Kánádà.

Díìsìkì wà níbẹ̀, ẹnubodè wà níbẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì wà níbẹ̀. Mọ́mì ò fi owó sí káàdì mọ́, ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Lẹ́tà lórí lẹ́tà ń wọ ímeèlì ọmọ tó wà ní Kánádà, ímeèlì tí kò ṣí mọ́. Ìparí sáà kẹta, àwọn òbí dé láti gba èsì, èsì ò ṣí. Wọ́n ti ti àkáǹtì. Sáfà kékeré tí èsì gbogbo ọmọ wà lórí rẹ̀, inú àkáǹtì kan náà ló wà.

Akápò ní iṣẹ́ ayé ni. Wọ́n ránṣẹ́ pe wòlíì. Nígbà tí mo fi máa dé, òróró ti wọ kíbọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù, lẹ́tà E ò tẹ̀ mọ́. Èmi náà ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n ayé wo ló ń gba owó ní wákàtí-wákàtí, tó tún ń fi risíìtì ránṣẹ́?

A san gbèsè. Ó ku kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà tí a máa fi wọlé, orí fóònù ọmọ Kánádà ló sì wà. Ó wà níbi iṣẹ́. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni a tó rí i bá sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ó ń ka nọ́ńbà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já lórí ìkarùn-ún, kóòdù yẹn kì í sì í pẹ́ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni a tó wọlé. Mo yí ímeèlì sí ti ilé ẹ̀kọ́, mo gbé kóòdù wá sórí fóònù Mọ́mì. Mo pa díìsìkì ńlá rẹ́, mo pa ẹnubodè rẹ́, mo dá àdírẹ́ẹ̀sì padà lọ́tọ̀, nítorí kì í bá ẹnubodè lọ.

Mọ́mì jókòó tì mí látìgbà yẹn, ó ń tòògbé.

"Ẹ̀ńjíníà, ṣé ẹ ti pa á?"

"Mo ti pa á rẹ́, Mọ́mì."

"Ẹ ṣé gan-an, Olúwa á bù kún yín. Ẹ wá bá mi yọ káàdì yẹn kúrò níbẹ̀, kí wọ́n má baà rówó gbà mọ́."