Ìpè inú Bíríìjì: Àrokò tí Kò Gbọdọ̀ Ní Àṣírí

Ẹni tó bá dúró wo àwọn tó ń ta bíríìjì, eré káàdì tí ẹni méjì ti ń bá ẹni méjì díje, fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í pẹ́ sọ ọ́: "Àwọn méjì yìí ní àdéhùn lábẹ́lẹ̀." Ó gbọ́ tí ẹnì kan pe háàtì mẹ́rin, ó yọjú wo ọwọ́ rẹ̀, háàtì kan ṣoṣo ló rí níbẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí: irọ́ ni wọ́n ń pa fún àwọn alátakò wọn.

Àdéhùn wà lóòótọ́. Abẹ́lẹ̀ ni kò sí. Ohunkóhun tí ìpè kan bá túmọ̀ sí létí ẹnìkejì rẹ, òfin ní òun náà ni kó túmọ̀ sí létí àwọn alátakò. Bí ìpè bá ní ìtumọ̀ tí kò hàn lójú, ẹnìkejì ẹni tó pè é á gbé káàdì ìkìlọ̀ sókè, alátakò á béèrè bó bá wù ú, ẹnìkejì yẹn kan náà ló sì máa ṣàlàyé. Ẹni tó pè kò gbọdọ̀ ṣàlàyé ìpè ara rẹ̀, torí bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti rí ọ̀nà fi rán ẹnìkejì rẹ̀ létí ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò sí. Ẹgbẹ́ tó bá fi àdéhùn pamọ́ ti rú òfin, bó ti wù kí ọwọ́ wọn mọ́ tó níbi títa káàdì.

Òfin títa náà kò le, ẹ jẹ́ ká sáré kọjá níbẹ̀. Káàdì 52, ènìyàn mẹ́rin, 13 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó dojú kọ ara wọn lórí tábìlì ni ẹgbẹ́. Kálukú á ju káàdì kan, èyí tó bá borí á kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ìkó kan nìyẹn, 13 sì ni gbogbo ìkó. Kí ẹnikẹ́ni tó ju káàdì rárá, wọ́n á kọ́kọ́ pè, láti mọ ẹgbẹ́ tó máa ṣèlérí ìkó mélòó, àti ìdílé tó máa jẹgàba lórí àwọn yòókù. Kílọ́ọ̀bù (♣) ló kéré jù, dáyámọ́ńdì (♦) lé e, háàtì (♥) tún lé ìyẹn, sípéèdì (♠) tẹ̀lé e, NT ló wà lókè pátápátá, ìyẹn ni pé kí ìdílé kankan má jẹgàba. Ìkó mẹ́fà àkọ́kọ́ kì í sí nínú kíkà, nítorí náà sípéèdì mẹ́rin jẹ́ ìlérí ìkó mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ 15 péré ló wà nínú èdè yìí: nọ́ńbà láti 1 dé 7, orúkọ ìdílé mẹ́rin, NT, páàsì (mi ò pè), dọ́bù (kí èrè tàbí ìtanràn ìpè alátakò pọ̀ sí i) àti rídọ́bù (kó tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ). Bí a bá so nọ́ńbà mọ́ ìdílé àti NT, ìpè 35 la máa rí. Páàsì, dọ́bù àti rídọ́bù sọ ọ́ di 38. Òun la fẹ́ fi ṣàpèjúwe káàdì 13 fún ẹni tí kò rí wọn. Wọn ò sì gbà ọ́ láyè láti sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà: ìpè tuntun gbọ́dọ̀ ga ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, bí àwọn mẹ́ta yòókù bá sì páàsì tẹ̀lé ara wọn, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ kẹ́yìn ti di gbèsè tí o máa san.

Àrokò ló sún mọ́ ọn jù lọ nínú ohun tí àwọn baba wa mọ̀. Ẹni tó fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ kò sọ̀rọ̀ owó. Ẹ̀fà ló fi ń sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni náà. Ẹyọ mẹ́jọ ni "a jọ wà." Ẹyọ méjì tó kọjú síra, ìrẹ́pọ̀ ni, bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Owó ẹyọ kan náà ni gbogbo wọn; iye rẹ̀ àti bí a ṣe so ó ló ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "háàtì méjì" ṣe lè wà láìní háàtì nínú. Bí ẹnìkejì rẹ bá ti pe NT kan, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló fi háàtì méjì sọ pé: sípéèdì márùn-ún ló wà lọ́wọ́ mi, jọ̀wọ́ bá mi pe sípéèdì. Kí ló dé tí kò fi pe sípéèdì fúnra rẹ̀? Torí pé nínú ẹgbẹ́ tó bá gba ìpè, ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ ìdílé tó jẹgàba ló máa ta ọwọ́ méjèèjì. Tẹnìkejì rẹ̀ á wà nílẹ̀ gbalaja kí gbogbo ayé wò ó. Ọwọ́ tó lágbára ló yẹ kó wà ní ìkọ̀kọ̀, kí alátakò sì fi káàdì àkọ́kọ́ rẹ̀ rìn wọnú agbára náà.

Àrokò tún fi ohun kan yàtọ̀. Ìránṣẹ́ lè ru àrokò láti ìlú dé ìlú láìmọ ohun tó rù. Lórí tábìlì bíríìjì, ọ̀tá gbọ́dọ̀ lè kà á, ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ lè kà á. Síbẹ̀ ó ṣì lérè kí a rán an, torí ọwọ́ ẹnìkejì rẹ ló máa dàpọ̀ mọ́ tìrẹ; ẹ̀yin méjèèjì lẹ fẹ́ mọ àpapọ̀ rẹ̀.

Ohun tó gbọ́n jù nínú ètò yìí kì í wá ṣe àwọn ìpè àdììtú. Ààlà ni. A máa ń ka áàsì (A) sí póìǹtì 4, ọba (K) 3, ayaba (Q) 2, jáàkì (J) 1. 40 ló wà nínú gbogbo káàdì. Nínú àdéhùn tó gbilẹ̀ jù, NT kan túmọ̀ sí póìǹtì 15 sí 17, pẹ̀lú ọwọ́ tí ìdílé kankan kò ti pọ̀ jù tàbí ṣọ̀wọ́n jù. Ẹni tó bá pè é ti sọ tẹnu rẹ̀ tán. Láti ìgbà yẹn, ẹnìkejì ló ń wa ọkọ̀: bó bá ní 5, kó jókòó jẹ́ẹ́, bó bá ní 8 tàbí 9, kó béèrè bóyá 15 ni tàbí 17, bó bá ní 10, kó gba NT mẹ́ta lọ tààrà, torí póìǹtì 25 láàárín ẹni méjì sábà máa ń tó fún ìkó mẹ́sàn-án. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni pé ọwọ́ ẹni tó ní 17 kì í balẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ ti ní kí wọ́n dúró ní sípéèdì méjì, òun á tún gùn ún. Àmọ́ 17 yẹn ti wà nínú NT tó pè níṣàájú. Owó kan náà ló ń ná lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn mìíràn gbàgbọ́ pé bí èèyàn bá ti mọ póìǹtì kà, ó ti mọ ìpè. Ẹ wo ọwọ́ yìí. Ẹnìkejì ti pe sípéèdì kan, èyí tó túmọ̀ sí sípéèdì márùn-ún ó kéré tán àti ọwọ́ tó tó nǹkan bíi póìǹtì 12 sókè:

♠ K 8 6 4   ♥ 7   ♦ A 9 7 3   ♣ K 10 5 2

Póìǹtì 10. Ìpè tó yẹ ẹ́ ni háàtì mẹ́rin, èyí tí wọ́n ń pè ní splinter, ó sì ń sọ ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: mo ní sípéèdì mẹ́rin tì ọ́ lẹ́yìn, agbára wa tó láti dé sípéèdì mẹ́rin, háàtì mi kò ju ẹyọ kan lọ. A lè yá ìpè yìí lò bẹ́ẹ̀ torí pé ẹni tó ní háàtì gidi lè pe háàtì méjì nírọ̀rùn. Háàtì tó wà lókè ilé lọ́hùn-ún ṣófo, wọ́n bá fi ẹlòmíràn sínú rẹ̀.

Ẹni tó ṣí ìpè lè ní ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí:

Ọwọ́ kìíní: ♠ A Q J 7 5   ♥ 8 6 3   ♦ K Q 4   ♣ A 9

Ọwọ́ kejì: ♠ A Q J 7 5   ♥ K Q 3   ♦ 8 6 4   ♣ A 9

Póìǹtì 16 ni méjèèjì, ìrísí wọn kò yàtọ̀ rárá. Àpapọ̀ jẹ́ 26, nígbà tó jẹ́ pé 33 ni wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé ìkó 12 ń béèrè. Ẹ jẹ́ ká wá ka ìkó gan-an. Ọwọ́ kìíní á sọ háàtì kan nù, á fi sípéèdì ẹnìkejì, tí kò ní háàtì mọ́, gé háàtì méjì tó kù, ìyẹn ni pé sípéèdì tó jẹgàba ló máa kó àwọn ìkó náà. Sípéèdì márùn-ún tirẹ̀, gígé méjì, dáyámọ́ńdì mẹ́ta, kílọ́ọ̀bù méjì: 12. Nínú ọwọ́ kejì, ọba àti ayaba háàtì jókòó síbi tí kò síṣẹ́ fún wọn, torí háàtì 7 nìkan ló wà níwájú wọn. Áàsì háàtì lọ, dáyámọ́ńdì méjì tẹ̀ lé e, ó ku mẹ́wàá.

Ìyẹn ni splinter fi wúlò. Kò sọ iye póìǹtì nìkan. Ó ń sọ fún ẹnìkejì ibi tó yẹ kí póìǹtì tirẹ̀ wà. Ọwọ́ kìíní gbọ́ háàtì mẹ́rin, ó rí i pé kò sí agbára rẹ̀ kankan tó ṣòfò sínú háàtì, ó pe NT mẹ́rin láti béèrè iye áàsì, wọ́n fi dáyámọ́ńdì márùn-ún dá a lóhùn pé ẹyọ kan, ó pe sípéèdì mẹ́fà. Bí ẹgbẹ́ náà kò bá sí nínú ewu (ipò tí wọ́n ti yàn kí wọ́n tó pín káàdì, tó ń mú kí èrè àti ìtanràn pọ̀ sí i), máàkì 980 nìyẹn. Ẹni tó dúró ní sípéèdì mẹ́rin pẹ̀lú káàdì kan náà á gba 480. Ọwọ́ kejì gbọ́ ohun kan náà, inú rẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀, ó pe sípéèdì mẹ́rin, ó sì parí síbẹ̀.

Bí ẹni tó ṣí ìpè bá wá gbàgbé àdéhùn, tó rò pé háàtì gidi ni, tó páàsì ńkọ́? Háàtì ti jẹgàba, alátakò sì ní mẹ́sàn-án nínú 13 rẹ̀. Kò sí òfin tó máa gbà wọ́n sílẹ̀. Àdéhùn méje tí ẹni méjì rántí dáadáa sàn ju 30 tí ọ̀kan nínú wọn kọ sínú ìwé lọ.

Dọ́bù ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín ẹlẹ́gbẹ́. Alátakò ṣí ìpè pẹ̀lú háàtì kan, o ní dọ́bù: ìyẹn ń sọ pé ọwọ́ mi tó ṣí ìpè, háàtì mi kéré, mú ọ̀kan nínú ìdílé mẹ́ta yòókù. Àwọn alátakò gùn dé sípéèdì mẹ́rin, o tún ní dọ́bù: lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn ni pé wọn ò lè ṣe é, kí wọ́n san án. Bí wọ́n bá wà nínú ewu, ìkó kan tí wọ́n fi kùnà lẹ́yìn dọ́bù jẹ́ máàkì 200, méjì 500, mẹ́ta 800. Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì tó lòdì síra, ààlà tó wà láàárín wọn sì jẹ́ ohun tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ yanjú kí wọ́n tó jókòó. Tí wọn ò bá yanjú ẹ̀, ọ̀kan á máa retí owó ìtanràn, èkejì á sì gbé ìpè kúrò níbẹ̀.

Bí ìpè bá wá wà lẹ́bàá ààlà, kí la ó ṣe? Nínú ìdíje ẹgbẹ́ tí wọ́n ń sọ ìyàtọ̀ máàkì di IMP (International Match Points, máàkì ìdíje), ẹgbẹ́ tó wà nínú ewu tó pe sípéèdì mẹ́rin tó sì ṣe é á fi 620 borí 170 àwọn tó dúró ní mẹ́ta, ìyẹn IMP 10. Bí ó bá fi ìkó kan kùnà nígbà tí àwọn yòókù dúró ní mẹ́ta, IMP 6 ló máa pàdánù. Ohun tó bá lè ṣeé ṣe nígbà mẹ́rin nínú mẹ́wàá ti tó pè. Ẹni tó ń dúró dìgbà tó bá dá a lójú ń sọ IMP nù láìmọ̀, torí kò sẹ́ni tó ń bú èèyàn nítorí ìpè tí kò pè.

Ibi tí ètò yìí ti ní àlébù ni ìrònú. Òfin ní ìpè àti káàdì tí a jù nìkan ni ẹlẹ́gbẹ́ lè fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ojú, ohùn, ọ̀nà tí a gbà gbé káàdì kalẹ̀, kò sí èyí tó gbọdọ̀ sọ nǹkan. Àmọ́ páàsì tó jáde lójú ẹsẹ̀ àti páàsì tó gba ìṣẹ́jú kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Èkejì ti sọ pé ó kù díẹ̀ kí n pè. Ronú bó ṣe wù ọ́, kò sẹ́ni tó ní o ṣẹ̀. Ẹnìkejì rẹ ni kò gbọdọ̀ lò ó: bí ọ̀nà méjì tó bọ́gbọ́n mu bá wà níwájú rẹ̀, kò gbọdọ̀ mú èyí tí ìdádúró rẹ fi hàn án. Wọ́n ń ní kí èèyàn rí nǹkan, kó sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Olóòótọ́ ni òfin yìí ń fìyà jẹ jù, torí òun ló máa fi dandan yan ìdàkejì.

Wọ́n ti gbìyànjú láti kó ìmọ̀ náà kúrò lórí tábìlì. Àpótí ìpè tó ti Sweden wá láàárín ọdún 1960 sí 1970 pa ohùn rẹ́: káàdì ìpè lò ń fà yọ, ẹnu rẹ kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ìpè tó bá fo ìpele, alátakò tó kàn gbọ́dọ̀ dúró bí ìṣẹ́jú-àáyá 10, yálà ó ní ohun tó ń rò tàbí kò ní. Ní 1975, nígbà ìdíje àgbáyé Bermuda Bowl, wọ́n fi ìkélé dábùú tábìlì kí ẹlẹ́gbẹ́ má bàa rí ojú ara wọn. Ìkélé náà kò dé ìsàlẹ̀. Nínú ìdíje yẹn kan náà ni wọ́n bá ẹgbẹ́ kan wí nítorí ìrìn ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ni wọ́n bá dí ìsàlẹ̀ náà.

Nídìí ìkélé, ìwọ àti alátakò kan lẹ jọ wà ní apá kan. Ẹ̀yin méjèèjì á gbé ìpè yín sórí pátákó kékeré, a ó sì tì í kọjá lẹ́ẹ̀kan náà sí apá kejì. Bó bá pẹ́ kó tó dé, àwọn tó wà lọ́hùn-ún kò lè mọ ẹni tó ń ronú nínú yín. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà a tilẹ̀ máa mọ̀ọ́mọ̀ dá pátákó dúró nígbà tí kò sẹ́ni tó ronú rárá, kí ó lè jẹ́ pé bó bá pẹ́ lọ́jọ́ mìíràn, kò ní sọ nǹkan kan.