Bẹ́líìtì ọkọ̀ tó ń ṣagídí

Bí mo bá fa bẹ́líìtì ọkọ̀ mi jẹ́jẹ́, á máa tẹ̀lé ọwọ́ mi bọ̀. Bí mo bá kánjú fà á, á há pinpin. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Rárá o. Èyí tí kò bá há ni kí ẹ bẹ̀rù. Ara kẹ̀kẹ́ kékeré kan tó ní eyín ni bẹ́líìtì ká mọ́ nínú òpó ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn. Bí ẹ bá ń fà á jẹ́jẹ́, kẹ̀kẹ́ náà á máa yí. Bó bá sáré yí lójijì, irin kan á ta wọ àárín eyín rẹ̀, ó parí. Irin mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì ò kàn rárá, ọkọ̀ gan-an ló ń ṣọ́. Bí ọkọ̀ bá dúró gìrì tàbí tó fẹ́ dojú dé, òun náà á dá kẹ̀kẹ́ yẹn dúró. Òun ló fà á tí bẹ́líìtì fi máa ń ṣorí kunkun bí ẹ bá páàkì síbi tó dà gẹ̀rẹ́.

Apá mi le dáadáa. Ṣé n kò kàn lè fọwọ́ ti dáṣíbọ́ọ̀dù ni?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ẹni tó wọ̀n ní kílò 70 wà nínú ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Ọkọ̀ kọlu ògiri, imú rẹ̀ rún tó ìdajì mítà kó tó dúró. Agbára tí yóò dá ẹni náà dúró láàárín ìdajì mítà yẹn tó ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì 27. Apá ta ló ká a? Ọmọ kílò 10 tí ìyá rẹ̀ gbé sẹ́sẹ̀ á di àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kìlómítà 50 sì nìyẹn o! Lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àwọn míì ń sá ìlọ́po méjì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ eré tó bá di ìlọ́po méjì, ìkọlù rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin.

Egungun àyà àti ti ìbàdí ni bẹ́líìtì ń gbé ìyà yẹn lé. Ọgbọ́n tí Nils Bohlin, ẹnjiníà Volvo ní Sweden, dá lọ́dún 1959 nìyẹn. Aláboyún náà, ìsàlẹ̀ ikùn ni kó gba apá tó di ìbàdí mú kọjá, kì í ṣe orí ikùn.

Èmi tí mo jókòó sẹ́yìn ńkọ́?

Ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú yín lẹ máa fò lọ bá, bẹ́líìtì tiẹ̀ ò sì ní gbà á lọ́wọ́ yín. (Nínú dáńfó, ẹ lè wá bẹ́líìtì títí kí ẹ má rí i. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi yín.)

Mo máa ń gbé e kọ́ èjìká bí mo bá rí róòdù séfútì, láì tì í bọ ihò rẹ̀.

Róòdù séfútì lẹ tàn. Ẹ ò tíì tan ògiri.

Tọ́kùnbọ̀ ni mo rà. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá bẹ́líìtì rẹ̀ ṣì dáa?

Ẹ fà á jáde tán, kí ẹ wo etí rẹ̀ bóyá ó ti ń tú. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó ká padà, kí ẹ wá já a gbà lójijì. Bí kò bá há, ó di ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Bí ọkọ̀ náà bá sì ti ní jàǹbá rí, ẹ pààrọ̀ èyí tó di èèyàn mú lọ́jọ́ náà, torí ó ti nà.