Ènì ni, kì í ṣe èlé

"Tíṣà, ṣebí Bíbélì ló ní ká fún ni, a ó sì fún wa?"

Àbúrò màmá mi ló bi mí bẹ́ẹ̀ nínú ọjà Àgbàlátà, ní Àgbádárìgì níbí, nídìí gaàrí rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá dùn, "ọmọ mi" ló ń pè mí. Bó bá ní ẹjọ́ tó fẹ́ bá mi rò, Tíṣà ni mí, nítorí pé mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ní Sọ́ńdè mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn, wọ́n ti kéde ní ìjọ kan tó lọ pé kí ẹni tó bá fẹ́ kí Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn fún òun kí ọdún tó parí gbé irúgbìn wá síwájú pẹpẹ, irúgbìn tó máa dùn ún dénú eegun. Owó àpò gaàrí méjì ló gbé lọ. Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, àwìn ló gbà. Kò bínú sí Ọlọ́run o. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé bóyá owó yẹn ni kò tó, bóyá kó lọ fi kún un.

Mi ò ní dárúkọ ìjọ náà, kì í sì í ṣe ìjọ kan ṣoṣo. Ìgbàgbọ́ yìí ti wọ ọ̀pọ̀ wa lára débi pé a kì í ronú kàn án mọ́: pé bí èèyàn bá fún ni, Ọlọ́run ló yá lówó, Ọlọ́run á sì san án tèlétèlé, ìlọ́po mẹ́wàá, ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, pé ìdúpẹ́ náà, ọ̀nà àtitọrọ èyí tó kàn ni. Ẹsẹ tí wọ́n sì fi ń ti gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn jù ni Lúùkù 6:38: "Ẹ fi fún ni, a ó sì fi fún yín, òṣùwọ̀n dáradára, àkìmọ́lẹ̀, àti àmìpọ̀, àkúnwọ́sílẹ̀, ni a ó wọ̀n sí àyà yín." Ọ̀rọ̀ ọjà gbáà ni ẹsẹ yìí. Alágaàrí ló yẹ kó kọ́kọ́ yé.

Ẹ wo ọwọ́ àbúrò màmá mi bó bá ń wọn gaàrí fún oníbàárà tó fẹ́ràn. Á bu gaàrí kún kóńgò, á fi ọwọ́ kì í. Gaàrí á lọ sísàlẹ̀, àyè á yọ. Á bu òmíràn sí i, á gbé kóńgò nílẹ̀, á mì ín, kí èyí tó dúró gbagidi lè wọ àárín ara wọn. Àyè á tún yọ. Nígbà tó bá wá kún dé etí, á fi ọwọ́ òsì ṣe ọgbà yí etí kóńgò ká, á máa fi ọwọ́ ọ̀tún bù lé e títí á fi ga ṣóńṣó, tí díẹ̀ á máa ya bọ́ sórí àpò tó tẹ́ sílẹ̀. Ó kì í, ó mì ín, ó jẹ́ kó kún wọ́ sílẹ̀. Bí Bíbélì ṣe tò ó náà ló ṣe ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ẹni tó bá ti ra gaàrí lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí mọ òdì kejì rẹ̀. Ẹni tó ń tà á á máa da gaàrí sínú kóńgò láti òkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kó lè wú, á fi ọwọ́ gbá etí rẹ̀, á sì ti dà á sínú ọ̀rá kó o tó ṣẹ́jú. Kóńgò mìíràn tilẹ̀ wà tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú.

"Sí àyà yín" ló máa ń rú àwọn ọmọ kíláàsì mi lójú. Ta ló ń da ọkà sí èèyàn láyà? Aṣọ àwọn ará Júdíà nígbà yẹn gbòòrò. Wọ́n á di àmùrè mọ́ ìdí, wọ́n á fa aṣọ yọ díẹ̀ lókè àmùrè títí á fi rí bí àpò níwájú àyà, ibẹ̀ ni wọ́n ń gba ọkà sí. Rúùtù náà tẹ́ aṣọ rẹ̀, Bóásì sì wọn òṣùwọ̀n ọkà bálì mẹ́fà sí i. Ọjọ́ tí a ń wí yìí gan-an, wọ́n rán ọmọbìnrin kékeré kan wá ra àbọ̀ kóńgò, ọ̀rá tó mú wá sì ti ya. Kò sunkún. Ó ká etí yẹ̀rì rẹ̀ sókè, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó dúró. Ẹ̀rín pa àbúrò màmá mi. Ó fa ọ̀rá tuntun yọ, ó wọn àbọ̀ kóńgò sí i, ó wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e: "Ènì ẹ nìyẹn, torí ọgbọ́n orí ẹ."

Mo ní, "Ẹ ò ri? Èyí tí ẹ ṣe tán báyìí ni Jésù ń wí."

Ènì kì í sí nínú àdéhùn. Ọwọ́ ẹni tó ń tà ló ti ń wá, inú rere ló sì ń mú un wá; bí kò bá fún ọ, o ò lè pè é lẹ́jọ́. Èlé yàtọ̀. Èlé níye, ó lọ́jọ́, bí ọjọ́ bá sì pé tí a ò rí i, a ó lọ ká onígbèsè mọ́lé. Ohun tí Jésù fi hàn wá nínú Lúùkù 6 ni ọwọ́ ẹni tó lawọ́, tó ń bù lé e nígbà tí kóńgò ti kún. Àwa la sọ ọ́ di èlé, tí a wá ń ká Ọlọ́run mọ́lé.

Ẹni tí kò bá gbà, kó ka ẹsẹ mẹ́ta péré sẹ́yìn. Ẹsẹ 35 ní ká fẹ́ràn àwọn ọ̀tá wa, ká ṣoore, ká yá ni lówó láìretí nǹkan kan padà. Ẹsẹ 36 ní ká jẹ́ aláàánú bí Baba wa ṣe jẹ́ aláàánú. Ẹsẹ 37 ní ká má ṣe dáni lẹ́jọ́, ká dárí jini, a ó sì dárí jì wá. Ìgbà náà ni 38 tó dé. Ṣé ẹnu kan náà á sọ pé ká má retí nǹkan kan, kó má tíì mí tán kó tún ní ká kó owó wá, ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ń bọ̀? Bí a ṣe ń bá èèyàn lò ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Irú kóńgò tó o fi wọn àánú fún ọmọnìkejì rẹ, òun ni wọ́n á fi wọn tìrẹ fún ọ. Nípa ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, inú Máàkù 10:30 ló wà, Jésù sì ka inúnibíni mọ́ ohun tí olúwarẹ̀ máa gbà. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni gbàdúrà kí ìyẹn náà tètè dé.

Kí ló dé tí ìgbàgbọ́ yìí fi dùn mọ́ wa bẹ́ẹ̀? Mo rò pé àjọ àti èésú wà níbẹ̀. Kò sí ọlọ́jà tí kò mọ̀ ọ́n. O dá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ dá, ó kàn ọ́, o kó o. Alájọ ń wá lójoojúmọ́, ó yọ owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀ níparí oṣù, ó gbé ìyókù fún ọ. Ohun rere ni, òun ló ń gbé ọjà ró. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń dá àjọ láti kékeré, bó bá gbọ́ "ẹ fi fún ni, a ó sì fi fún yín", èésú ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, á wá máa ka ọjọ́ tó máa kan òun.

Èkejì ni máìkì. Ẹni tó kó owó wá, tí ọjà rẹ̀ wá tà, òun ló ń jáde wá jẹ́rìí. Ẹni tó kó owó wá tí kò rí nǹkan kan, ìjókòó ẹ̀yìn ló wà, ó ń pàtẹ́wọ́. Ọdún mẹ́wàá lo lè fi gbọ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ láìgbọ́ ti àwọn tó pọ̀ jù.

Wọ́n á ní, "Pọ́ọ̀lù ńkọ́? Ṣebí òun ló ní ẹni tó bá fúnrúgbìn díẹ̀, díẹ̀ ni yóò ká?" Ó sọ bẹ́ẹ̀, nínú 2 Kọ́ríńtì 9. Ṣùgbọ́n owó ló ń ní kí wọ́n dá níbẹ̀; ibo ni owó yẹn ń lọ? Ọ̀dọ̀ àwọn tálákà nínú àwọn onígbàgbọ́ ní Jerúsálẹ́mù ni. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú Róòmù 15:26. Kò kó o sápò rẹ̀. Ó rán Títù àti arákùnrin méjì lọ bójú tó o, ó sì sọ ìdí rẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má bàa fẹ̀sùn kan òun lórí owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn gan-an; àpọ́sítélì ni, ó sì mọ̀ pé owó ìjọ nílò ojú tó ju méjì lọ. Ó ní Ọlọ́run á pèsè irúgbìn fún afúnrúgbìn, òótọ́ ni, kí afúnrúgbìn náà lè máa lawọ́ nìṣó ni. Ìkórè tó dárúkọ ni pé àwọn tí owó náà bá dé ọ̀dọ̀ wọn á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọpẹ́ tó ti ẹnu ẹlòmíràn jáde.

Ìdúpẹ́ wa náà ti ní àrùn yìí. "Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, a rí òmíràn gbà." A ti fa òwe yẹn wọ ṣọ́ọ̀ṣì débi pé àwọn kan ń wá a nínú Ìwé Òwe. Òwe tó dára ni, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọdé ló dárúkọ. Àgbà tó bá jẹ́ pé torí òmíràn nìkan ló ṣe ń dúpẹ́, kò tíì kúrò ní kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá nínú Lúùkù 17. Ẹnì kan ló padà wá dúpẹ́, ará Samáríà sì ni, ẹni tí àwọn Júù kì í bá da nǹkan pọ̀. Kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ó kàn dojú bolẹ̀ lẹ́sẹ̀ Jésù. Jésù béèrè àwọn mẹ́sàn-án, ó dùn ún. Síbẹ̀, kò sí ibi tí a ti kà pé ẹ̀tẹ̀ padà sí wọn lára. Àwọn tó ń fi "bí o ò bá ṣe ìdúpẹ́, Ọlọ́run á gbà á padà" dẹ́rù ba èèyàn kò rí i kà níbẹ̀.

Ìlú wa yìí náà ní ìtàn tiẹ̀ lórí ìmoore. Àwọn Sàró, tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, tí ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n gbé lọ sí Freetown ní Sierra Leone, ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ gba etí òkun yìí, níbi tí wọ́n ti ń ta èèyàn. Ọ̀kan nínú wọn, James Ferguson, kọ lẹ́tà lọ sí Freetown ní 1841 pé kí wọ́n fi oníwàásù ránṣẹ́ síbí. Lẹ́tà yẹn wà lára ohun tó mú Thomas Birch Freeman, oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì ní September 24, 1842. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe Kérésìmesì lábẹ́ igi Àgíyà, igi tó wó ní 1959. Ẹ ro ó wò: ẹni tí wọ́n já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, tó wá ń ro ti àwọn ará ilé tó kù. Ìmoore tí mo mọ̀ nìyẹn, ó ń wo iwájú àti ẹ̀gbẹ́.

Àbúrò màmá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wá bi mí ní èyí tó le jù. "Òwe 19:17 ńkọ́? Ó ní ẹni tó ṣàánú tálákà, Olúwa ló yá, Olúwa á sì san án."

Òótọ́ ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ní Ọlọ́run kì í san oore. Ó ń san án. Ṣùgbọ́n tálákà ni ẹsẹ náà dárúkọ pé ká ṣàánú fún, kò dárúkọ iye, kò dá ọjọ́. Ẹni tó bá ka ẹsẹ yẹn tí kò wá tálákà kankan lọ, ìdajì ló kà. Ìdámẹ́wàá tí wọ́n ń pariwo náà, Diutarónómì 14 ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni kí wọ́n kó o jọ ní ìlú, kí ọmọ Léfì, àlejò, aláìníbaba àti opó jẹ, kí wọ́n sì yó. Kí wọ́n yó, ó wà níbẹ̀.

Kò dá mi lóhùn. Ó fa ìwé kékeré tó ń kọ àwìn sí jáde lábẹ́ àpò, ó ń ṣí i lọ, ó fi bírò fa ìlà gbọọrọ lórí orúkọ kan. Mo mọ obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ ti ń ṣàìsàn tipẹ́, kóńgò mẹ́rin ló sì jẹ.

Mo bi í pé ṣé obìnrin náà ti san án ni.

Ó ní, "Kí ló kàn ẹ́ ńbẹ̀, ọmọ mi? Má tún lọ fi ṣe ẹ̀kọ́ ní kíláàsì ẹ o."

Mi ò tíì fi ṣe é ní kíláàsì.